Ọjọ́ tí mo fi lẹ́ńsì tuntun wá kantíkantí nínú oko kòkó

Agogo 4:50 ìdájí. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni, nínú oṣù Karùn-ún, ní Ilé-Olújì. Òjò àná ṣì ń kán láti ara páànù. Mo tan tọ́ọ̀ṣì, mo yẹ àpò mi wò lẹ́ẹ̀kẹta: kámẹ́rà kan, bátìrì mẹ́ta, fíláàṣì kan, agolo mílíìkì ńlá tí mo gé ìdí rẹ̀ kúrò tí mo sì fi bébà funfun bo ẹnu rẹ̀, ìnujú méjì, àti lẹ́ńsì tuntun náà, tí mo fi fìlà kan wé bí ẹni wé ẹyin.

Ọjọ́rú ló tẹ̀ mí lọ́wọ́. Oṣù 14 ni mo fi tu owó rẹ̀ jọ. Láti ọjọ́ náà, inú yàrá nìkan ni mo ti ń dán an wò, lórí hóró iyọ̀, lórí owó kọ́bọ̀, lórí èèpo àlùbọ́sà. Òní ni yóò kọ́kọ́ rí oko.

Laowa 100mm ni, irú èyí tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2019. Nínú kámẹ́rà mi, ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń bà lé, tí wọ́n ń pè ní sẹ́ńsọ̀, fẹ̀ ní mílímítà 36, ó sì ga ní mílímítà 24. Bí mo bá fi lẹ́ńsì tó wọ́pọ̀ ya kòkòrò tó gùn ní mílímítà 10, àwòrán rẹ̀ lórí sẹ́ńsọ̀ náà kì í sábà ju mílímítà 2 lọ. Lẹ́ńsì tí wọ́n dìídì ṣe fún nǹkan kéékèèké, tí àwa afọ́tò ń pè ní mákírò, ń ya kòkòrò náà bó ṣe tó gan-an: mílímítà 10 níta, mílímítà 10 nínú. Tèmi yìí ń sọ ọ́ di 20. Nítorí ìlọ́po méjì yẹn ni mo ṣe fi oṣù 14 pa ebi mọ́nú, ọ̀rọ̀ kan tó wà láàárín èmi àti Bàbá ló sì fà á.

Bàbá ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Láti ọdún 1971 ni wọ́n ti wà nídìí kòkó. Ní ọdún tó kọjá, níbi tí a ti jọ ń la kòkó, mo sọ fún wọn pé kòkòrò kan wà, ìbátan kantíkantí, tí gígùn rẹ̀ kò ju mílímítà 1 sí 3 lọ, àti pé òun ló ń gbé ìyẹ̀fun láti òdòdó kan dé òmíràn kí kòkó tó lè so. Wọ́n gbọ́, wọ́n dákẹ́, wọ́n la èso méjì sí i. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi mí pé, "Ìwọ rí i?" Mo ní rárá, mo kà á ni. Wọ́n ní, "Kíkà dára. Ṣùgbọ́n ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí mo ti ń wo òdòdó yìí. Èèrà ni mò ń rí."

Wọn kò fi mí ṣẹ̀sín. Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára nítorí pé òótọ́ ni. Mo ń ròyìn ohun tí ojú mi kò tó, fún ẹni tó mọ igi kọ̀ọ̀kan nínú oko rẹ̀ bí ẹni mọ ọmọ. Àtìgbà náà ni mo ti ń tọ́jú owó.

Agogo 5:40. Ọlọ́kadà gbé mi dé ibi tí ọ̀nà ti di ẹrẹ̀, mo fi ẹsẹ̀ rin ìyókù. Ìdí méjì ló lé mi jáde ní ìdájí. Ìkínní, àárọ̀ kùtù ni òdòdó kòkó máa ń là tán. Láti ìrọ̀lẹ́ àná ni orí rẹ̀ á ti máa sán, tí ilẹ̀ bá fi máa mọ́, ó ti ṣí. Bí kò bá rí ẹni gbé ìyẹ̀fun wá fún un, kì í pé ọjọ́ méjì tí ó fi ń já bọ́. Ìkejì jẹ mọ́ ara kòkòrò. Ooru ojú ọjọ́ ni kòkòrò púpọ̀ ń yá láti fi rìn. Nígbà tí ìrì bá wà nílẹ̀, ara wọn ti tutù, wọn kò lè tètè fò. Afọ́tò tó bá sùn títí oòrùn fi ràn, ẹ̀yìn kòkòrò ni yóò máa yà bí wọ́n ṣe ń lọ.

Agogo 6:20. Létí odò kékeré tó ya oko Bàbá sọ́tọ̀, mo rí lámilámi kan lára koríko, ìrì bò ó láti orí dé ìrù. Mo kúnlẹ̀ sínú omi. Mo yí òrùka lẹ́ńsì títí dé òpin, níbi tí ìlọ́po méjì wà. Níbẹ̀, gbogbo ohun tí kámẹ́rà lè rí láyé kò ju mílímítà 18 ní ìbú àti 12 ní gíga lọ. Orí lámilámi àti èjìká rẹ̀ kún un.

Ojú kan lámilámi lè ní tó 30,000 ojú wẹ́wẹ́ nínú. Mo ti mọ̀ ọ́n tipẹ́ nínú ìwé. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wo ẹ̀yìn kámẹ́rà, tí mo rí wọn bí ojú asẹ́ tí a hun tímọ́tímọ́, tí ẹ̀kán ìrì kan jókòó sórí wọn tí igi ọ̀pẹ òdìkejì odò sì dorí kodò nínú ẹ̀kán ìrì yẹn, mo gbàgbé pé omi ti wọ bàtà mi.

Fọ́tò yẹn ni ìkẹtàdínlógójì. Mẹ́rìndínlógójì tó ṣáájú rẹ̀ kò dára. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀, nítorí ẹni tó bá ń ra irú lẹ́ńsì yìí gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n kó tó sanwó. Bí a bá sún mọ́ nǹkan tó báyìí, apá ibi tó ń mọ́ kedere nínú fọ́tò máa ń tín-ín-rín bí abẹ. Ní ìlọ́po méjì, pẹ̀lú ihò lẹ́ńsì ní f/8, ohun tó mọ́ láti iwájú dé ẹ̀yìn kò tó ìdajì mílímítà. Bí ojú bá mọ́, irun imú á ti ṣú. Èmi náà sì ń mí, ọkàn mi ń lù, koríko ń mì. Lẹ́ńsì yìí kò sì ní ẹ̀rọ tó ń wá ojú mímọ́ fúnra rẹ̀. Ọwọ́ ló kù. Ohun tí mo kọ́ láàárín ogójì ìṣẹ́jú yẹn ni pé kí n má fi ọwọ́ yí òrùka náà mọ́ rárá. Mo fi í síbi tí mo fẹ́, mo di èémí mú, mo wá ń fi gbogbo ara sún síwájú díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń yọ́ gba ẹ̀yìn ẹyẹ, tí ojú bá ti mọ́, mo tẹ bọ́tìnnì.

Ìṣòro kejì ni òkùnkùn. Bí lẹ́ńsì bá ṣe ń sún mọ́ nǹkan ni ìmọ́lẹ̀ tó ń dé inú rẹ̀ ń dín kù. Ní ìlọ́po méjì, ìdá kan nínú mẹ́sàn-án péré ló ń wọlé, ó wá dà bí ìgbà tí f/8 mi di f/24. Abẹ́ igi kòkó sì nìyí, níbi tí ọ̀sán gan-an ṣókùnkùn. Ìdí nìyẹn tí fíláàṣì fi di dandan, tí agolo mílíìkì náà fi di dandan pẹ̀lú: inú agolo ń dán, ó ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ síwájú, bébà funfun ẹnu rẹ̀ sì ń sọ ọ́ di rírọ̀, kí ara kòkòrò má baà kọ mànàmáná. Wọ́n ń ta irú rẹ̀ ní owó gọbọi. Tèmi ṣiṣẹ́ dáadáa.

Agogo 7:05. Bàbá dé, àdá lọ́wọ́, apẹ̀rẹ̀ lórí.

"Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá. Ẹ kú iṣẹ́ oko."

"Oo, ọmọ mi. O ti jí débí? Ta ni ó so agolo mọ́ orí kámẹ́rà?"

Mo ṣàlàyé. Wọ́n gbà á, wọ́n wo inú agolo náà, wọ́n fi ìka na bébà rẹ̀, wọ́n dá a padà fún mi. Wọ́n mú mi lọ sídìí igi tí wọ́n fẹ́ràn jù, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n gbìn ní ọdún 1971, tí òdòdó ti bo ìdí rẹ̀ láti ilẹ̀ dé ibi tí ọwọ́ mi tó. "Ibí yìí ni kí o jókòó," ni wọ́n wí, wọ́n sì kọjá lọ gé ìtàkùn.

Agogo 7:20 sí 9:30. Mo fẹ́ dúró níbí díẹ̀, nítorí òdòdó kòkó yẹ ní wíwò, ọ̀pọ̀ nínú wa tó sì jẹun láti ara rẹ̀ kò wò ó rí. Kì í hù lórí ẹ̀ka tuntun bíi ti ọsàn. Ara ìtì igi gan-an ló ti ń yọ, lórí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́. Ìbú rẹ̀ lè máà ju sẹ̀ǹtímítà kan àti ààbọ̀ lọ. Ojú lásán ń rí i bí ìràwọ̀ funfun kékeré. Mo gbé lẹ́ńsì sún mọ́ ọn títí ó fi ku ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan láàárín wọn, ìràwọ̀ náà sì di ilé.

Ilé tó ní odi ni. Láàárín gbùngbùn ni ibi tí ìyẹ̀fun gbọ́dọ̀ dé wà, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó funfun. Òpó márùn-ún tó pọ́n bí osùn dúró yí i ká bí ọgbà. Ìyẹ̀fun tìkára rẹ̀ kò sí níta. Ewé òdòdó márààrún ló ní àpò lábẹ́, àpò tó tẹ̀ bí ìkòkò tí a dojú rẹ̀ dé, ìlà pupa sì wà nínú rẹ̀ bíi pé wọ́n fi bírò fà á. Inú àpò yẹn ni wọ́n tọ́jú ìyẹ̀fun sí. Lẹ́yìn àpò, ewé náà tún nà jáde ní pẹlẹbẹ bí ṣíbí, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí ọsàn tó ń gbó.

Nígbà tí mo rí èyí, ọ̀rọ̀ ìwé yé mi lójú ẹsẹ̀. Oyin ò lè wọ inú àpò yẹn. Labalábá kò lè dé ibẹ̀. Atẹ́gùn kò ràn án lọ́wọ́, nítorí ìyẹ̀fun kòkó máa ń lẹ̀ mọ́ra, kì í fẹ́ bíi ti àgbàdo. Ẹni tí yóò wọ inú àpò, tí yóò jáde, tí yóò gba àárín òpó pupa méjì kọjá láti kan àárín ilé, kò gbọ́dọ̀ tóbi ju ẹnu bírò lọ. A kọ́ ilé yìí fún ẹni kékeré kan pàtó. Ẹni náà sì ṣọ̀wọ́n. Nínú 100 òdòdó tí igi kòkó bá tú, àwọn tó ń di èso tí a ó ká kì í sábà pé 5.

Mo dúró. Èèrà dúdú wẹ́wẹ́ ń gun ọ̀pá òdòdó, wọ́n ń tọ́jú àwọn iná ewé tí ń fa omi ara rẹ̀, wọ́n ń fi ìwo orí lù wọ́n lẹ́yìn kí omi dídùn lè jáde. Mo ya èyí tó tó 50. Lára èyí tó mọ́, mo rí ẹ̀kán omi náà láàárín èèrà àti iná ewé, ó mọ́ gaara bí dígí. Bàbá kò parọ́. Èèrà ni èèyàn ń rí.

Agogo 9:05, ohun kan bí eruku gbé ara rẹ̀ sókè láti ara òdòdó kejì, ó yí po lẹ́ẹ̀kan, ó bà. Àyà mi lù kìkì. Mo tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀mejìlá. Nígbà tí mo wò ó, méjìlá náà ṣú. Nínú ọ̀kan, ohun kan bí ìyẹ́ wà lápá ọ̀tún. Mo lè fi í búra fún ara mi, ṣùgbọ́n n kò lè fi í han Bàbá.

Agogo 10:15. Oòrùn wọlé láàárín ewé, ilẹ̀ gbóná, kò sí eruku kankan tó tún gbé ara rẹ̀ sókè. Wọ́n ní àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni ẹni kékeré náà ń jáde. Mo wá fi ọ̀sán lọ kí àwọn ẹlòmíràn.

Lórí igi obì létí oko, àwọn èèrà pupa tí ń rán ewé ń kọ́lé lọ́wọ́. Mo mọ̀ wọ́n láti kékeré nípa ẹnu wọn, wọ́n sì tún fi í rán mi létí kí n tó tẹ bọ́tìnnì àkọ́kọ́: ọ̀kan lọ́rùn, méjì lábẹ́ apá. Mo fara dà á. Àwọn kan fi ẹnu gbá etí ewé méjì mú, wọ́n fa wọ́n pọ̀. Níbi tí àlàfo bá pọ̀, èèrà kan á gbá èkejì mú ní ìbàdí, òun náà á gbá òmíràn mú, títí wọn ó fi di okùn. Àwọn mìíràn gbé ìdin ilé wọn wá, ọmọ tiwọn gan-an, wọ́n mú un lẹ́nu bí ẹni mú abẹ́rẹ́, wọ́n fi ẹnu ìdin náà kan ewé ti ìhín, wọ́n fi kan ti ọ̀hún, òwú funfun sì ń tẹnu ọmọ jáde. Lẹ́ńsì tuntun yìí jẹ́ kí n rí òwú náà ní fọ́nrán-fọ́nrán. Nínú oko kòkó, àwọn èèrà wọ̀nyí tún máa ń pa àwọn kòkòrò amomi-kòkó tí ń gún èso tí ó fi ń dá àpá dúdú. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ṣì ń sun ilé wọn nítorí pé wọ́n ń jẹni. Mo rò pé àṣìṣe ni.

Agogo 11:40. Oyin kan lórí òdòdó yúnyún. Kíákíá ni mo yà á, nítorí oyin kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Nínú 30 fọ́tò, mẹ́rin mọ́. Irun wà lójú oyin! Kì í ṣe ní ìpéǹpéjú o, orí ojú gan-an ni, láàárín àwọn ojú wẹ́wẹ́ rẹ̀, ìyẹ̀fun yúnyún sì há sínú irun náà bí gàrí.

Agogo 12:50. A jókòó sí abà, a jẹ iṣu sísun àti epo. Mo fi oyin náà han Bàbá. Wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n gbé ẹ̀yìn kámẹ́rà sún mọ́ ojú, wọ́n sì dákẹ́ pẹ́. "Irun lójú," ni wọ́n wí nígbẹ̀yìn. "Irun lójú, kò sì dí i lọ́wọ́ iṣẹ́." Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí sọ nípa Gàmálíìnì 20, oògùn tí wọ́n ń fín sí kòkó nígbà tí wọ́n wà ní ọ̀dọ́. Wọ́n ní bí a bá fín in ní àárọ̀, tó bá di ọ̀sán, ilẹ̀ abẹ́ kòkó á kún fún òkú kòkòrò débi pé ẹsẹ̀ ń tẹ̀ wọ́n. Inú wọn máa ń dùn nígbà náà, wọ́n ní oògùn ń ṣiṣẹ́. Wọn kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n sì bu omi mu.

Agogo 1:30. Òjò dé, ó rọ̀ títí di agogo mẹ́ta kọjá. Ìkùukùu bo ojú lẹ́ńsì. Mo kàn fi í sílẹ̀ lẹ́bàá ààrò títí ó fi gbẹ.

Agogo 3:20. Òjò dá, ilẹ̀ ń rùn dídùn. Mo rántí ohun kan: ibi tí nǹkan bá ti ń jẹrà tó sì tutù ni ìbátan kantíkantí yìí ń yé sí. Ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a gé wẹ́wẹ́ jẹ́ ọ̀kan lára ibi tí ìdin rẹ̀ fẹ́ràn jù. Mo bi Bàbá níbi tí wọ́n ń kó ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí. Wọ́n ní wọ́n máa ń kó gbogbo rẹ̀ jáde kí oko lè mọ́, ṣùgbọ́n òkìtì kan ṣì wà lápá ìsàlẹ̀ tí wọn kò tíì ráyè kó láti oṣù tó kọjá. Mo gba ibẹ̀ lọ. Mo fi igi tú u díẹ̀. Àwọn ohun kan bí eruku gbéra láti abẹ́ rẹ̀, wọ́n ju ogún lọ, wọ́n ń jó nínú ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́. Igi kòkó mẹ́ta ló yí òkìtì náà ká, òdòdó sì wà lára gbogbo wọn.

Agogo 4:35. Mo ti dọ̀bálẹ̀ nínú ewé gbígbẹ fún ohun tó lé ní ìṣẹ́jú 50, ìgbáròkó mi ti kú. Òdòdó kan wà níwájú mi ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan sókè sí ilẹ̀. Mo ti yí òrùka dé òpin, mo ti fi igbá gbé ìgbọ̀nwọ́ mi ró. Ó bà. Ó wọ inú àpò tó wà lápá òsì, ìdí rẹ̀ nìkan ló kù síta. Mo di èémí mú. N kò tẹ̀ ẹ́. Mo sún síwájú, bóyá bí ìnípọn èékánná. Ó fi ẹ̀yìn rìn jáde, ó yí padà, ó fi ẹsẹ̀ iwájú di ọ̀kan nínú àwọn òpó pupa mú.

Mo tẹ̀ ẹ́. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Lẹ́ẹ̀kẹta, fíláàṣì kò tíì gba agbára, ó ṣókùnkùn. Nígbà tí iná rẹ̀ padà, ó ti lọ.

Ìjókòó ni mo fi wo ẹ̀yìn kámẹ́rà, nítorí ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n. Àkọ́kọ́ ṣú. Ìkejì mọ́.

Ní ìlọ́po méjì náà, kò kún àwòrán. Mo wọ̀n ọ́n: ó gùn ní mílímítà 4 lórí sẹ́ńsọ̀, tí ó túmọ̀ sí pé mílímítà 2 ni lóde ayé, ìdá kan nínú mẹ́sàn-án ìbú fọ́tò náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fà á tóbi, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ró bí ẹni ru ẹrù. Ìwo orí rẹ̀ ní irun bí ìyẹ́ adìẹ. Ìyẹ́ méjì tó dùbúlẹ̀ lórí ara wọn, wọ́n ní irun pẹ̀lú. Ní ẹ̀yìn tó ró náà, láàárín irun, àmì funfun wẹ́wẹ́ lẹ̀ mọ́ ọn, mo ka mẹ́fà. Ó ń ti inú àpò ìyẹ̀fun bọ̀ ni.

Agogo 5:30. Bàbá ń fọ àdá létí odò. N kò sọ ọ̀rọ̀ kankan. Mo gbé kámẹ́rà fún wọn, mo fi àtẹ́lẹwọ́ dí oòrùn kí wọ́n lè rí i dáadáa. Wọ́n bọ́ awò ojú.

"Èwo ni èyí?"

"Òun ni, Bàbá. Òdòdó igi ìsàlẹ̀, lẹ́bàá òkìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀."

"Báwo ló ṣe tóbi tó?"

Mo fa ìlà kékeré sórí àtẹ́lẹwọ́ wọn pẹ̀lú ẹnu bírò. Wọ́n wo ìlà náà, wọ́n wo kámẹ́rà, wọ́n tún wo ìlà náà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tó ń wò ó fún yín. Bàbá wà lára àwọn ọmọ tó kọ́kọ́ wọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1955, owó kòkó sì jẹ́ òpó pàtàkì nínú owó tí ìjọba fi ṣe é. Owó kòkó náà ni wọ́n fi kọ́ ilé àwòṣífìlà alájà 26 ní Ìbàdàn, tó parí ní ọdún 1965. Owó kòkó ni Bàbá fi kọ́lé, òun ni wọ́n fi tọ́ ọmọ méje àti èmi tí kì í ṣe ọmọ bíbí inú wọn.

"Ẹni yìí ló rán wa ní ilé-ìwé nígbà náà," ni wọ́n wí. Wọ́n ní kí n tún fà á tóbi. Wọ́n ka àmì funfun náà fúnra wọn, wọ́n ní méje ni, kì í ṣe mẹ́fà. Mo tún un wò. Méje ni.

Wọ́n jókòó sórí òkúta. Ó pẹ́ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀, ohùn wọn sì rẹlẹ̀. "Gàmálíìnì yẹn, òun náà ló ń pa?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

Agogo 9:10 alẹ́. Nílé, mo kó gbogbo rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà. Fọ́tò 463 ni mo yà lónìí. Mo pa 420 rẹ́. Nínú 43 tó kù, mẹ́sàn-án jẹ́ ti lámilámi kan náà, tí mo yà ní sísún díẹ̀díẹ̀ láti iwájú ojú dé ẹ̀yìn rẹ̀. Mo ní kí kọ̀ǹpútà mú ibi tó mọ́ nínú kọ̀ọ̀kan, kó sì tò wọ́n pọ̀ di ẹyọ kan, ojú náà sì mọ́ pátá. Levon Biss, afọ́tò ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó ya àwọn kòkòrò ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Yunifásítì Oxford fún iṣẹ́ Microsculpture tó jáde ní 2016, ń to èyí tó lé ní 8,000 pọ̀ fún kòkòrò kan ṣoṣo. Òkú kòkòrò ni tirẹ̀, orí abẹ́rẹ́ ni wọ́n wà, àwòrán rẹ̀ sì jẹ́ ohun ìyanu. Ṣùgbọ́n ẹni kékeré tó ń fi ẹ̀yìn rìn jáde nínú àpò òdòdó kòkó, ẹ̀ẹ̀kan péré lèèyàn ń rí i yà. Mo ti wo fọ́tò yẹn fún wákàtí kan báyìí, n kò sì fi í wé tẹnikẹ́ni.

Lẹ́ńsì náà tó owó tí mo fi rà á. Ó wúwo, kò ní àánú fún ọwọ́ tó ń gbọ̀n, ó sì ń béèrè ìmọ́lẹ̀ bí ọmọ tí ebi ń pa, ṣùgbọ́n ohun tó ṣèlérí ló ṣe.

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, mo tẹ fọ́tò náà sórí bébà ńlá, mo fi í ránṣẹ́ sí Bàbá. Wọ́n ti kàn án mọ́ ògiri abà, lẹ́bàá kàlẹ́ńdà. Ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n gé ní ọ̀sẹ̀ yẹn, wọn kò kó o jáde. Wọ́n gé e wẹ́wẹ́, wọ́n sì pín in sí ìdí àwọn igi kòkó.